Òdo Tí Áàpù Fi Hàn Mí

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní England kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó kúrò ní Ìwó, mo sì ti múra sílẹ̀ dè é. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni bí owó ṣe máa ń jáde lápò èèyàn láìsí ẹni tó wá gbà á.

Nílé, ẹni tó bá fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ, wàá rí ojú rẹ̀. Onílé á kan ilẹ̀kùn, á kí ọ, á bèèrè àlàáfíà àwọn ará ilé rẹ, kó tó wá sọ ohun tó gbé e wá. Bí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, ẹ ó jọ sọ ọ́. Ẹ lè jà sí i, ẹ sì lè sún un sí ọ̀la. Ní Hull tí mo wà yìí, owó ilé, owó iná, owó omi, owó tí ìjọba ìlú ń gbà lórí ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ọjọ́ tirẹ̀ tó máa ń wọ inú àkáǹtì mi lọ mú ohun tó fẹ́. Mo lè sùn kí n jí, kí n rí i pé wọ́n ti wá, wọ́n sì ti lọ. Kò sí ẹni tí mo lè bẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń wọ bọ́ọ̀sì láti ilé ọ̀kan dé ilé èkejì. Nígbà òtútù, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó délé, bẹ́ẹ̀ òòrùn ò tíì wọ̀ nílé wa. Yàrá kan ṣoṣo ni mo háyà. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná wà lára ògiri, mi ò jẹ́ tàn án. Mo máa ń jókòó lórí ibùsùn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, kí n gbé fóònù síwájú mi, kí n máa wò ó bí ẹni tó rí ejò. Bó bá ti dún, àyà mi á já. Ìwé tó jẹ́ kí n máa gbé níbẹ̀, iṣẹ́ yẹn ló so ó ró. Nínú ọkàn mi, ọjọ́ tí ẹnì kan bá wá mú owó tí kò sí nínú àkáǹtì mi, ọjọ́ náà ni wọn yóò wá kan ilẹ̀kùn mi pé ó yá, máa lọ sílé. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, mi ò mọ ẹni tí mo lè bi.

Ṣadé, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló sọ ti áàpù kan tó wà nínú fóònù fún mi. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ jù mí lọ, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀.

"O ń fi ẹ̀rù pa ara ẹ," ó ní. "Gba áàpù yìí. Á kó gbogbo àkáǹtì ẹ jọ sójú kan. Á sọ owó tó fẹ́ jáde fún ẹ kó tó jáde, á sì sọ ohun tó kù tó o lè ná."

"Ṣé ọ̀fẹ́ ni?"

"Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wà, àmọ́ kò ní ọgbọ́n nínú. Oṣooṣù ni wàá máa sanwó èyí."

Mo ní kí n wá máa sanwó kí n tó mọ owó tí mo ní? Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn kó tó wojú ara rẹ̀ nínú dígí.

"Kò ju oúnjẹ ọ̀sán kan tó o bá jẹ níta lọ," Ṣadé ní.

"N kì í jẹun níta."

"Mo mọ̀. Gbà á náà."

Mo gbà á. Ó sì ṣiṣẹ́, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kò pẹ́ tó fi fi hàn mí pé ilé-iṣẹ́ tí mo ra fóònù àkọ́kọ́ lọ́wọ́ wọn ṣì ń yọ owó kan ní oṣooṣù, pé bí fóònù náà bá fọ́, àwọn yóò bá mi tún un ṣe. Fóònù ọ̀hún ti sọnù nínú bọ́ọ̀sì láti ìgbà pípẹ́! Mo pè wọ́n. Mo fi gẹ̀ẹ́sì mi tí wọ́n máa ń ní kí n tún sọ bá wọn jà títí wọ́n fi dá díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ náà mo tan ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo na ẹsẹ̀ sí i. Mo rò pé mo ti ń di ará ìlú.

Ohun kan ṣoṣo ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Áàpù náà máa ń pín owó tí mo bá ná sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́: oúnjẹ, ọkọ̀, ilé, ìgbádùn. Owó tí mo bá fi ránṣẹ́ sí ìyá mi, abẹ́ "àwọn nǹkan mìíràn" ló máa ń kó o sí. Mo wá ibi tí mo lè fi í sí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, n ò rí. Àwọn tó ṣe é rántí ológbò àti ajá, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Kò sí àyè tí wọ́n kọ ìyá sí. Mo máa ń rò ó nínú bọ́ọ̀sì: gbogbo ohun tí mo torí rẹ̀ wá síbí, abẹ́ àwọn nǹkan mìíràn ló wà.

Ìyá mi ń gbé nílé tí bàbá wa, tó jẹ́ alùfáà ilé kéú, fi sílẹ̀ fún wọn ní Ìwó. Gààrí ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Kuta àti Olúpọ̀nnà, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ín lẹ́yìnkùlé. Àwọn obìnrin àdúgbò náà máa ń gbé ẹ̀gẹ́ tiwọn wá rin níbẹ̀, wọ́n á sanwó díẹ̀, wọ́n á sì jókòó sọ̀rọ̀ títí òòrùn á fi rọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni mo sábà máa ń pe Ìyá. Lọ́jọ́ tí mo sọ ti áàpù fún wọn, wọ́n bi mí pé:

"Ẹni tó ń bá ẹ ṣọ́ owó yẹn, ṣé ọmọlúàbí ni?"

"Kì í ṣe èèyàn, Ìyá. Inú fóònù ló wà."

"O sì ń sanwó fún un?"

"Oṣooṣù ni, mà."

"Kò burú. Alájọ tiwa náà ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù. Ẹsẹ̀ tó fi ń rìn ni mò ń san. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, tí n ò yọjú síta, òun ló wọlé wá wò mí, tó lọ pe Lúkúmọ́nù ẹ̀gbọ́n ẹ. Èyí tìẹ, ṣé ó lè pe èèyàn?"

"Èmi ló máa ń pè."

"Ìwọ náà ni? Ó dáa, kó máa pè ẹ́."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, n kì í lọ wo àkáǹtì ní báńkì mọ́. Áàpù ti ń bá mi wò ó. Mo pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù mi sí èyí tó dínwó, mo kọ̀wé sọ fún báńkì, wọn ò dá mi lóhùn, mo sì gbà pé wọ́n ti rí i. Bí mo bá jí, màá wo áàpù, màá rí ohun tó kù, ọkàn mi á balẹ̀ títí di ọ̀sán. Mo wá ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ sọ́tọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Bùọ̀dá Lúkúmọ́nù pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, àwọn nìkan ló kù nílé pẹ̀lú Ìyá. Wọn kì í pè mí nígbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Má bẹ̀rù," Bùọ̀dá ní.

Mo fi ọwọ́ di etí mi kejì kí n lè gbọ́ wọn.

"Inú ló ń run Ìyá láti àná. A ti gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà ní àpẹ́ńdíìsì ni, ó sì ti fẹ́ bẹ́. Ó ní òní yìí náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn."

"Kí ni wọ́n wá ń dúró dè?"

"Owó ni, àbúrò mi. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ mú ìdajì wá."

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ó wà nílẹ̀."

Ó sì wà nílẹ̀ lóòótọ́. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń tọ́jú ẹ̀ dè. Mo dúró ní ibùdókọ̀, mo ṣí áàpù láti wo iye tí mo lè fi ránṣẹ́.

Òdo ni mo rí.

Ibi tí owó oṣù mi máa ń wọlé sí, òdo. Ibi tí mo ń tọ́jú owó sí, òdo. Kò sí àlàyé kankan lábẹ́ rẹ̀. Mo pa á, mo tún un ṣí. Òdo. Bọ́ọ̀sì dé, ó ṣílẹ̀kùn, awakọ̀ wò mí, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó lọ. Mo gbìyànjú láti wọ àkáǹtì mi ní báńkì gan-an. Wọ́n ní àwọn ti fi kóòdù kan ránṣẹ́ sí mi kí n fi wọlé. Nọ́ńbà mi àtijọ́, tí kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, ni wọ́n fi kóòdù náà ránṣẹ́ sí.

Mo sáré lọ sí báńkì. Wọ́n ti tilẹ̀kùn, ó di ọjọ́ Ajé. Mo fi ọwọ́ gbá gíláàsì ilẹ̀kùn náà, obìnrin kan tó ń fa ajá rẹ̀ lọ sì yà fún mi lọ́nà bí ẹni pé orí mi ti yí. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn. Orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí. Nígbà tí ọkùnrin kan dáhùn, mo ní wọ́n ti jí owó mi, ìyá mi sì wà lẹ́nu ikú. Ó bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè. Ó ní nọ́ńbà tí mo fi ń pè kò bá èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn mu, àwọn ò lè sọ iye tó wà nínú àkáǹtì fún mi. Ó ní bí mo bá rò pé olè ti wọ ibẹ̀, àwọn yóò tì í pa títí n óò fi wá fojú ara mi hàn lọ́jọ́ Ajé.

"Ẹ má tì í," mo ní. Mo tún ní, "Ẹ tì í." Mo ń sunkún, n ò mọ èwo ló dára.

Ó tì í.

Mo pe Bùọ̀dá Lúkúmọ́nù.

"Bùọ̀dá, owó ò sí mọ́. Wọ́n ti jí i."

Mo retí kí wọ́n pariwo, kí wọ́n ní báwo ló ṣe jẹ́. Ariwo ọsibítù nìkan ni mo ń gbọ́, ẹnì kan ń pe orúkọ ẹnì kan.

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Ó dáa. Máa lọ sílé. Má dúró sínú òtútù."

Ìyẹn nìkan ni wọ́n sọ. Ó bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ìwó, n ò tíì jẹ́ nǹkan mìíràn fún wọn ju ẹni tí yóò fi nǹkan ránṣẹ́ lọ, ohun tí mo rò nìyẹn. Bí wọ́n bá ń tún ilé ṣe, èmi ni. Bí owó iléèwé ọmọ Bùọ̀dá bá pé, èmi ni. N kò sí níbẹ̀ fún ìsìnkú, n kò sí níbẹ̀ fún ìsọmọlórúkọ, owó mi ló máa ń jókòó sí àyè mi. Bí owó náà ò bá wá sí mọ́, ta ni yóò máa jẹ́ ọmọ Ìyá? Ohun tí mò ń bi ara mi nìyẹn bí mo ṣe ń rìn lọ, tí mò ń pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tí bàbá mi kọ́ wa. N ò bẹ̀rù ebi. Mò ń bẹ̀rù pé Ìyá yóò kú nígbà tí mo dúró sí iwájú ilẹ̀kùn kan tí wọ́n tì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú ní Ìwó, Bùọ̀dá ti ta ẹ̀rọ tí Ìyá fi ń rin ẹ̀gẹ́. Obìnrin kan ní Kuta ti ń bẹ Ìyá láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí wọ́n tà á fún òun. Ó gbé owó wá sí ọsibítù fúnra rẹ̀. Kò tó iye tó yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n ó tó fún dókítà.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà. Ní àárọ̀ Sátidé, Bùọ̀dá ní Ìyá ṣì wà láàyè, pé ara wọn gbóná, pé kí n máa gbàdúrà. Ṣadé gbé ìrẹsì wá fún mi, ó jókòó tì mí, kò sọ ohunkóhun nípa áàpù. N ò lè jẹun. Ní gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún, màá kọ́kọ́ di ojú mi kí n tó gbé e.

Ní ọjọ́ Àìkú, ohùn Ìyá fúnra wọn ni mo gbọ́. Ó tín-ín-rín, bí ohùn ọmọdé.

"Lúkúmọ́nù ní wọ́n kó ẹ lówó."

"Ẹ má sọ̀rọ̀ jù, Ìyá. Báwo lara yín?"

"Ó ń ro mí. Gbọ́ mi. Ṣé o ti rí nǹkan jẹ?"

"Mo ti jẹ, mà."

"Irọ́ lò ń pa. Owó díẹ̀ ṣẹ́ kù lára owó ẹ̀rọ. Mo ti ní kí Lúkúmọ́nù wádìí bí wọ́n ṣe ń fi owó ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, kó fi ránṣẹ́ sí ẹ. O ò gbọ́dọ̀ sùn pẹ̀lú ebi nílẹ̀ onílẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé wọ́n ń rí mi. Láti ìgbà tí mo ti dé England, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan yóò ní òun fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí mi. Orí ibùsùn ọsibítù, ní Ìwó, ló sì ti ń sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí báńkì lọ́jọ́ Ajé, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan gba páásípọ́ọ̀tù mi, ó tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó fi nọ́ńbà mi tuntun síbẹ̀, ó ṣí àkáǹtì náà, ó ní kí n sún mọ́ òun kí n wò ó.

Owó mi wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé.

"Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án," ó ní. "Àṣẹ tó o fún áàpù yẹn láti máa wo àkáǹtì rẹ ló ti parí. Kò rí ohun tó wà níbí mọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, láti fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo di etí tábìlì rẹ̀ mú. Ẹ̀rù tuntun ló wọ inú mi: bí wọ́n ò bá ta ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Bí obìnrin ará Kuta náà ò bá sí nílé lọ́jọ́ Jímọ̀ ńkọ́? Ìyá mi ì bá kú nígbà tí owó ìtọ́jú wọn wà nílẹ̀ digbí, torí pé ohun tí mò ń sanwó fún pé kó máa bá mi wò ó ti fọ́jú, kò sì sọ fún mi.

Mo pe Bùọ̀dá láti iwájú báńkì. Wọ́n ní "Àlìhámúdùlílàhì" lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ẹ̀rọ Ìyá ti lọ nìyẹn."

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni áàpù. Wọ́n fèsì kíákíá, wọ́n ní kí n má bínú, wọ́n sì fún mi ní oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kọ ọ́ padà sí wọn pé èmi ò bínú pé áàpù yín ò rí àkáǹtì mi, ohun gbogbo ló ń bàjẹ́. Ohun tí mo bínú sí ni pé kò mọ̀, ó sì ní kò sí. Ì bá kọ "Mi ò mọ̀" síbẹ̀, ohun tí ǹ bá ṣe lọ́jọ́ náà ì bá yàtọ̀. Wọn ò fèsì sí ìyẹn.

Ṣadé ò gbà pẹ̀lú mi.

"Ṣé torí ọjọ́ kan ṣoṣo lo fẹ́ fi í sílẹ̀? Ta ló sọ ti owó fóònù yẹn fún ẹ? Ìwọ ì bá ṣì máa san án."

"Òótọ́ ni."

"Èmi ní ọkọ, mo ní ọmọ mẹ́ta, mo ní gbèsè ọkọ̀. Láìsí i, mo ti rì."

"Ìwọ máa lò ó, Ṣadé. Tìẹ pọ̀, o nílò ẹni tó máa kó o jọ. Tèmi ò ju ohun tí mo lè fi ojú ara mi wò lọ. Ohun tí mò ń ra lọ́wọ́ wọn ni kí ẹ̀rù má bà mí mọ́. Wọn ò ní in tà."

Ó mi orí, ó ní alágídí ni mí. Ó ṣì ń lò ó, ó sì ń ṣe é láǹfààní. Mo fi tèmi sílẹ̀ kí oṣù ọ̀fẹ́ náà tó pé.

Obìnrin ará Kuta ò ta ẹ̀rọ padà. Bùọ̀dá fẹ́ lọ bá a jà, Ìyá ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dà á láàmú: ó mú owó wá lọ́jọ́ tí a wá owó tì. Wọ́n ní àwọn máa sinmi. N ò fẹ́ kí wọ́n sinmi bẹ́ẹ̀. Bùọ̀dá sọ fún mi pé àwọn obìnrin àdúgbò ò wá sẹ́yìnkùlé mọ́, pé Ìyá máa ń jókòó síbẹ̀ láwọn nìkan. Torí náà mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí mo tọ́jú ra òmíràn fún wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan án, Ìyá pè mí kí n lè gbọ́ ọ. Ariwo rẹ̀ bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n ń pariwo sínú fóònù, àwọn obìnrin ń pariwo lẹ́yìn wọn, n ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, mo ṣáà ń dáhùn pé "Ẹ kú oríire o! Ẹ kú oríire!"

Ọjọ́ kejì, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ṣí àkáǹtì mi ní báńkì fúnra mi. Owó ilé àti owó iná fẹ́ jáde lọ́sẹ̀ náà. Ohun tó kù kéré, ó kéré débi tí àyà mi fi já. Ó wu ìka mi kí n pa fóònù náà dé. N kò pa á dé. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà mo wọ bàtà mi, mo jáde lọ.